Tẹlifíṣàn Inú Ilé Onítáyà

Nígbà tí mo kúrò nílé, oòrùn ni mo rò pé yóò dà mí láàmú. Kò sí ẹni tó lọ sí Mẹ́kà tó padà sí Ìwó tí kì í sọ̀rọ̀ oòrùn ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé Jẹ́dà, ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Gbogbo fèrèsé ló wà ní títì nítorí ẹ̀rọ amúlétutù. O kò ní gbọ́ ìyá tó ń pe ọmọ rẹ̀, o kò ní gbọ́ odó, o kò tilẹ̀ ní gbọ́ ìjà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé ọkùnrin kan lórí àtẹ̀gùn, mo sì kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi láti kékeré: "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé dáadáa la jí?" Ọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí.

Mo padà wọlé, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Wọn ò mọ̀ wá níbí o."

Ó ní, "Àná la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ta lẹ fẹ́ kó ti mọ̀ wá?"

Ó ti pẹ́. Irùngbọ̀n mi dúdú nígbà náà. Ẹnjiníà ojú ọ̀nà ni mí. Mo kàwé ní yunifásítì láyé ìgbà tí wọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ fọ aṣọ, tí adìyẹ máa ń wà lórí ìrẹsì ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí, wọ́n á ní àlọ́ ni mo ń pa. Ìwé yẹn ló gbé mi dé Jẹ́dà. Gbogbo ọ̀nà tí mo là níbẹ̀, ẹ̀bá òkun ni wọ́n wà, nínú iyanrìn tí kò ní igi kan tí ènìyàn lè fi ṣe àmì. Iṣẹ́ náà kò le jù mí lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò ní ẹni tí mo lè fi ọ̀nà náà hàn. Nílé, bí o bá la ọ̀nà, ará àdúgbò á jáde wá dúró wò ó, àgbàlagbà kan á sì wí pé, "Ọmọ lágbájá ló la ọ̀nà yìí." Níbí, ọkọ̀ kàn ń kọjá lọ ni.

Ìyàwó mi ni mo máa ń fi hàn. A ti di Àlàájì àti Àlàájà báyìí, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń pe ara wa. Nọ́ọ̀sì ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ohun méjì ló fẹ́ràn láyé yìí tí kì í ṣe èmi: bọ́ọ̀lù, àti àbúrò rẹ̀ Múìbà tó wà ní Ìwó. Ó sì ti rí ọ̀nà tó fi so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí àwọn ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, Múìbà á pe fóònù, Àlàájà á gbé tiẹ̀ ti ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, àwọn méjèèjì á sì jọ máa wò ó, ọ̀kan ní Ìwó, ọ̀kan ní Jẹ́dà. Wọ́n á jọ bú adájọ́ eré, wọ́n á jọ ṣépè fún àwọn ẹni tó ń pàdánù bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì tún jọ ṣàdúrà fún wọn. Èmi máa ń jókòó sẹ́yìn, mo máa ń gbọ́ ohùn ilé. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nìkan ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn máa ń kúrò nínú ilé wa.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé. Afẹ́fẹ́ òkun Jẹ́dà máa ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lára bí aṣọ tí wọn ò fún dáadáa. Ó wọ àyà Àlàájà, kò sì jáde mọ́. Oògùn ń pẹ̀tù sí i fún ìgbà díẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá a tó ń ká aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àlàájì, mo fẹ́ máa lọ sílé."

"Ilé wo?"

"Ilé wo ló tún kù? Múìbà ti kun yàrá kan fún mi."

"Ó ku ọdún kan kí iṣẹ́ mi parí. A jọ wá ni. A sì sọ pé a jọ máa lọ ni."

"Lóòótọ́ la sọ ọ́," ó wí. "Àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń sọ ọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ilẹ̀ òkèèrè á mọ ohun tó wà níwájú mi. Ọkùnrin àgbà tó ń dá gbé láàárín ìlú tí ẹnikẹ́ni kì í ti fèrèsé pe ẹnikẹ́ni, ta ni yóò mọ̀ bí kò bá jí? Ọdún kan kì í ṣe nǹkan lójú ọmọdé. Lọ́jọ́ orí tèmi, ọdún kan pọ̀ láti máa dá jẹun.

Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní kí n máa gbé e lọ sókè Hádà ní òpin ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn Mẹ́kà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ tó sì tutù. Bí òkè bá bá a lára mu, ó lè fara da ìyókù ọdún náà. Mo ní ká gba òtẹ́ẹ̀lì. Àlàájà ní òun kò ní sùn lórí ìrọ̀rí tí òun kò mọ orí tó ti sùn lé e rí.

Ọlọ́run wá ṣe é, ẹnjiníà ará Íjíbítì kan tí a jọ ṣiṣẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì ń padà sí ìlú rẹ̀. Ó ní kàráfáànù kékeré kan tó fi máa ń kó ìdílé rẹ̀ lọ sí aṣálẹ̀: ilé funfun onítáyà méjì tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn jíìpù fà. Ó fi í sílẹ̀ fún mi. Mo fà á wá sí àgbàlá ẹ̀yìn ilé wa ní àdúgbò Al-Baghdadiyah, mo sì pe Àlàájà kó wá wò ó.

Ó wọlé, ó dúró láàárín, ó na apá méjèèjì. Ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lọ́tùn-ún lósì.

"Ilé ẹyẹlé rèé," ó wí.

"Ó ní bẹ́ẹ̀dì. Ó ní sítóòfù. Wo fèrèsé rẹ̀."

"Mo rí i. Ibo ni tẹlifíṣàn máa wà?"

"Tẹlifíṣàn kẹ̀? Atẹ́gùn la fẹ́ lọ gbà níbẹ̀."

"Atẹ́gùn ò ní sọ iye góòlù fún mi." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó wò mí. "Ẹ gbọ́, Àlàájì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, Nàìjíríà á gbá bọ́ọ̀lù. Bí mo bá rí i wò dáadáa nínú ilé ẹyẹlé yìí, tí mo sì sùn láìwúkọ́, màá dúró dè yín. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ẹ máa gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú."

Ní yunifásítì, ìbéèrè mẹ́fà ni wọ́n máa ń fún wa kí a yan mẹ́rin. Ti Àlàájà yìí, méjì péré ni, kò sì sí èyí tí mo lè fò. Ti ikọ́, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà. Ti tẹlifíṣàn, ọwọ́ mi ni.

Ilé ìtajà Sàlímù, ọmọ Yẹ́mẹ̀nì kan, kò jìnnà sí wa. Láti òkè délẹ̀, tẹlifíṣàn ló tò sára ògiri rẹ̀, gbogbo wọn ń fi àwòrán ẹja kan náà hàn. Mo mú kékeré kan, mo ní èyí kò ní jẹ bátìrì púpọ̀.

Àlàájà wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí kò jẹun kánú. "Ẹ fẹ́ kí n máa wá bọ́ọ̀lù nínú eléyìí bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà?"

Ó tọ́ka sí ńlá kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Mo ní, "Bí a bá gbé ìyẹn wọlé, ìwọ tàbí èmi, ẹnì kan á sùn síta."

Sàlímù kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ìjà tọkọtaya. Ó ń fi ojú tẹ̀ lé wa bí ẹni ń wo ayò. Nígbà náà ni Àlàájà ṣe ohun tí n kò retí. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀ ní èjìká, aláwọ̀ ewé kan tí Múìbà fi ránṣẹ́ láti ilé. Ó ní kí n tó ra ohunkóhun, òun ti wọ̀n ọ́n: láti ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀dì dé ògiri ẹ̀yìn kàráfáànù, gígùn ìborùn náà ni. Ó fi etí kan rẹ̀ lé Sàlímù lọ́wọ́, ó ní kó fi mú ara tẹlifíṣàn. Òun náà di etí kejì mú, ó fà á títí ó fi le, ó sì dúró síbẹ̀ wòran. Báyìí ló ṣe lọ láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, Sàlímù ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú etí aṣọ bí ọmọ ọ̀dọ̀ ìyàwó, títí ó fi dé ara ọ̀kan tí kò tóbi tí kò kéré, irú èyí tó ń lo iná bátìrì mọ́tò tààrà. Ó ní kí Sàlímù bá òun wá bọ́ọ̀lù sí i. Sàlímù wá a.

"Mo rí nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn," Àlàájà wí. "Èyí dára."

"Yà Hájj," Sàlímù sọ fún mi lédè Lárúbáwá, "lọ́jọ́ mìíràn, jókòó sílé, kí o rán màmá wá."

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi pe ìrun. Sàlímù fa ilẹ̀kùn onírin wálẹ̀ dé ìdajì, ó tẹ́ ẹní sáàárín àwọn páálí, ó sì pa gbogbo tẹlifíṣàn ara ògiri tó wà níwájú rẹ̀ lápá Kíbúlà, ìhà Mẹ́kà, kó tó gbé ọwọ́ sókè. Àlàájà rí i. Bí a ṣe ń jáde, ó ní, "Ẹ ṣàkíyèsí ohun tó ṣe? Bàbá mi náà kì í gbà kí nǹkan aláwòrán wà níwájú ẹni tó ń kírun. Ẹ má gbé tèmi kọ́ síbi tí màá ti máa kí ìrun sí ojú rẹ̀ o." Orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó tẹ̀ mọ́, orí àga ló ti ń kírun, òtútù òkè kò sì ní jẹ́ kó kí i níta. Inú kàráfáànù ni yóò ti máa kí i.

Mo ní kò sí wàhálà. Mo ti rò ó já.

Ògiri kàráfáànù kò nípọn. Bí o bá ti ìṣó bọ̀ ọ́ níbi tí kò yẹ, o lè máa fi ọwọ́ fà á yọ. Mo gbé etí lé e, mo ń fi ìka kàn án bí ẹni ń ra bàrà, títí mo fi gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ ti wúwo, ibi tí egungun onírin rẹ̀ gbà kọjá nínú. Mo rí méjì lára ògiri ẹ̀yìn. Mo wá fi pátákó kan dábùú àwọn egungun náà, mo fi bóòtù dè é, orí pátákó náà ni mo sì fẹ́ gbé tẹlifíṣàn kọ́. Sàlímù ti sọ fún mi pé kí n má ṣe ra irin tó ní apá, èyí tí wọ́n fi ń yí ojú tẹlifíṣàn síhìn-ín sọ́hùn-ún, torí gbágungbàgun ọ̀nà á máa jù ú títí yóò fi já. Èyí tó lẹ̀ pẹ́típẹ́tí mọ́ ògiri ni mo rà. Kò yí síbì kankan.

Ti Kíbúlà ńkọ́? Imú kàráfáànù kọjú sí ìlà-oòrùn nínú àgbàlá wa, ibẹ̀ náà sì ni Mẹ́kà wà sí Jẹ́dà. Mo wá gbé tẹlifíṣàn sí ògiri ẹ̀yìn, lápá òkun. Bí Àlàájà bá ń kírun, yóò kọjú síwájú, tẹlifíṣàn á wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò ṣàìrántí pé ilé onítáyà a máa yí o. Mo rántí. Mo sì ti fi òfin dè é: níbi yòówù kí a dúró sí, imú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn. Inú mi dùn sí òfin náà. Mo sọ ọ́ fún Àlàájà lẹ́ẹ̀mejì.

Múìbà wà lórí fóònù ní gbogbo ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́. Àlàájà gbé e sórí sítóòfù.

"Àǹtí mi, Àlàájì ń lu kí ni?"

"Wọ́n ń kan tẹlifíṣàn mọ́ ilé ẹyẹlé."

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájì wa! Mo ti fi aṣọ fèrèsé kọ́ sí yàrá Àǹtí mi o. Olómi aró ni mo rà."

"O ṣé, Múìbà," mo wí. Mo de bóòtù náà mọ́lẹ̀ débi pé ọwọ́ mi ro mí.

Mo wa ọkọ̀ náà yí àdúgbò ká, mo gba gbogbo kòtò tí mo mọ̀, mo sì padà wá. Tẹlifíṣàn kò mì. Àlàájà na ọwọ́, ó fà á, ó tì í, ó lù ú pẹ́pẹ́ bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ọmọ kó lè gùfẹ̀. "Ó dúró," ó wí. Lẹ́nu rẹ̀, oyè ni mo gbà yẹn.

Ọjọ́ Jímọ̀ náà, a gba Mẹ́kà kọjá. A yà sí àdúgbò Ar-Rusaifah níbẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ wa kan, Àlàájì Múfú, tó ti ń gbé ibẹ̀ kí àwa tó dé. Ìyàwó rẹ̀ se mọ́ínmọ́ín fún wa. Àwọn ọmọ ọmọ wọn sáré jáde wá wo kàráfáànù, wọ́n ń kan ògiri rẹ̀, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ lédè Lárúbáwá.

"Ẹ kí bàbá yín ní Yorùbá jàre!" Àlàájì Múfú jágbe mọ́ wọn.

Àgbà wọn kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Àwọn yòókù fi Lárúbáwá rẹ́rìn-ín, bí ẹ̀rín bá ní èdè. Mo bi ọmọ náà pé níbo ni ilé rẹ̀. Ó tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìyanu, bí ẹni tí wọ́n bi ní ibi tí imú rẹ̀ wà.

Mo rò ó títí a fi jáde nílùú. Ìbéèrè tó gba gbogbo ayé mi lọ́wọ́ mi, ọmọ yẹn fi ìka kan dáhùn rẹ̀. Èmi, bí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè yẹn ní Jẹ́dà, mo máa ń dárúkọ Ìwó, bí mo bá lọ sí Ìwó lọ́dún ìsinmi, àwọn ọmọdé ibẹ̀ á máa pè mí ní "Àlàájì Jẹ́dà." N kò bínú sí i mọ́. Àmọ́ mo fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó mọ ibi méjèèjì, kí n má baà di ẹni tó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀. Ẹni náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú jíìpù, ó ń wúkọ́ sínú aṣọ ìnujú.

Ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó ń wé mọ́ àpáta bí gèlè. Nígbà tí a dé ìwọ̀n ìdajì rẹ̀, Àlàájà sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀. Ó ṣí ẹnu, ó ń mu atẹ́gùn. Mo retí ikọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Lókè, mo wá ibi títẹ́jú kan. Mo wo oòrùn tó ti ń wálẹ̀, mo wo òjìji ara mi, mo sì yí kàráfáànù títí imú rẹ̀ fi kọjú sí ìlà-oòrùn gẹ́lẹ́, bí òfin mi ti wí. Mo fi òkúta dá táyà dúró. Mo gbé díìṣì sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ níta, mo ń yí i díẹ̀díẹ̀, Àlàájà ń ké láti inú ilé: "Kò sí! Kò sí! Ó fẹ́ wá! Ó ti lọ! Ó dé, ó dé, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!" Àwòrán mọ́ kedere. Mo wọlé, mo pa á kó má jẹ bátìrì, ọkàn mi balẹ̀. Ó ku ìrun Màgàríbì, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù.

Mo gbé àga kalẹ̀ fún un, ojú àga sí iwájú ọkọ̀. Ó jókòó. Ó tún aṣọ orí rẹ̀ ṣe. Ó fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, ó dúró.

"Àlàájì."

"Kí ló dé?"

"Mẹ́kà tí a là kọjá lọ́sàn-án, ṣé ó ti sáré kọjá wa síwájú ni?"

N kò kọ́kọ́ lóye. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ náà yé mi láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá. Láti ìgbà tí bàbá mi ti fà mí lọ́wọ́ lọ sí mọ́sáláṣí ní Ìwó, ibi tí oòrùn ti ń yọ ni mo ń kọjú sí. A dé Jẹ́dà, ibẹ̀ náà ni. Nígbà tí a ṣe Hájì, tí a wà ní Árafà, ibi tí èrò kọjú sí ni mo kọjú sí, n kò wo oòrùn. Ọ̀rọ̀ náà ti wọ egungun mi: ìlà-oòrùn ni Mẹ́kà wà. Ó wá di pé mo gba Mẹ́kà kọjá, mo jẹ mọ́ínmọ́ín níbẹ̀, mo gun òkè kọjá rẹ̀, mo sì tún ń wá a níwájú. Èmi tí mo fi wíwọn ilẹ̀ jẹun!

Àlàájà ti yí àga padà. Ìwọ̀-oòrùn ló kọjú sí báyìí. Gédégbé níwájú rẹ̀, lórí pátákó tí mo fi bóòtù dè, ni tẹlifíṣàn wà.

A wò ó. Ó wò wá.

"Mo lè yí ọkọ̀ náà," mo wí.

"Kí ẹ tún so ó mọ́ jíìpù, kí ẹ yọ òkúta, kí Màgàríbì ti lọ?"

"Mo lè tú u." Mo ti ń wá sípánà. Mo ń rí yàrá tí Múìbà kùn, mo ń rí aṣọ fèrèsé olómi aró. Mo ń rò ó pé òpópó ọ̀nà mélòó ni mo ti là láìṣì, tó fi jẹ́ pé ara ògiri kékeré yìí ni mo wá ṣì í sí.

"Ẹ fi sípánà sílẹ̀, Àlàájì." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín gidi, èyí tó máa ń di ikọ́ ní Jẹ́dà. Kò di ikọ́. Ó bọ́ ìborùn aláwọ̀ ewé náà ní èjìká, ó jù ú bo tẹlifíṣàn, ó fà á lẹ́tí méjèèjì títí kò fi sí ohun tó hàn mọ́. "Ó tán. Ẹ wá ṣíwájú mi, ká kírun."

Mo ṣíwájú rẹ̀, a kírun.

Lẹ́yìn tí a sálámà, mo fẹ́ dìde lọ tan tẹlifíṣàn. Àlàájà kò dìde. Ó jókòó, ó ń wo fèrèsé kékeré tó wà lókè ìborùn náà, ibi tí ojú ọ̀run ti pọ́n.

"Lẹ́yìn Mẹ́kà, kí ló wà lọ́hùn-ún yẹn?" ó bi mí.

"Jẹ́dà."

"Lẹ́yìn Jẹ́dà ńkọ́?"

"Òkun Pupa. Lẹ́yìn òkun, Sùdáànì. Lẹ́yìn ìyẹn, Ṣáàdì."

"Lẹ́yìn Ṣáàdì?"

Èmi náà ti rí i. Ilé kò wà níwájú gẹ́lẹ́. Ó yà díẹ̀ sí apá òsì. Àmọ́ n kò sọ ìyẹn.

"Ilé," mo wí.

Ó mi orí. "Láti ọjọ́ tí a ti wá, Àlàájì, bí mo bá ń ṣàdúrà fún àwọn ará ilé, ẹ̀yìn ni mo máa ń kọ sí wọn. N kò mọ̀. Òní ni mo kọ́kọ́ kọjú sí wọn." Ó nu ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pàtẹ́wọ́. "Ó tó. Ẹ ká ìborùn kúrò, kí ẹ tan án, wọn á ti máa kọrin ìlú báyìí."

Bọ́ọ̀lù ọjọ́ náà kò dára tó, ká má purọ́. Múìbà wà lórí fóònù, àwòrán tiwọn sì máa ń ṣíwájú tiwa dé. A ṣì ń wo ọmọ tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láàárín pápá nígbà tí Múìbà ti figbe ta.

"Múìbà, pa ẹnu dé! Tiwa ò tíì wọlé!"

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi! Mi ò rí nǹkan kan o! Ẹ ṣáà máa wò ó!"

A ń wò ó. Ó wọlé. Àlàájà gbàgbé orúnkún rẹ̀, ó fo sókè, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà ilé ẹyẹlé, ó sì tún hó ìhó kan náà tí Múìbà ti hó. Kàráfáànù mì. Tẹlifíṣàn kò mì.

Nígbà ìsinmi ìdajì eré, Múìbà ní, "Àǹtí mi, ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀ gan-an? Kí n lè sọ fún awakọ̀ tó máa wá gbé yín."

Mo gbé ojú kúrò lára wọn. Mo ń bu tíì sínú ife tó ti kún.

"Ti yàrá yẹn pa," Àlàájà wí. "Fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́ dọdún tó ń bọ̀. Ra bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ sí i sínú rẹ̀. A jọ ń bọ̀ ni."

"Ikọ́ yín ńkọ́?"

"Láti ìgbà tí o ti ń pariwo sí mi létí, ṣé o gbọ́ ọ?"

"Áà," Múìbà wí. "N kò gbọ́ ọ o."

Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà bí ọmọ tí wọ́n wẹ̀ fún. Ní òwúrọ̀, mo mú sípánà jáde, mo ní mo fẹ́ gbé tẹlifíṣàn lọ sí ògiri kejì. Àlàájà ní kí n má fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n wá ìṣó méjì, kí n kàn wọ́n sókè rẹ̀, kí ìborùn náà lè máa rí ibi gbé kọ́.

Mo kàn wọ́n. A ń lọ sókè ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá gbà mí láàyè, nígbà mìíràn a máa ń lọ sí etí òkun. Òfin ìlà-oòrùn ṣì wà. Bí a bá wà lápá Jẹ́dà, èjìká Àlàájà ni ìborùn máa ń wà. Bí a bá ti gba Mẹ́kà kọjá, orí tẹlifíṣàn ló máa ń wà nígbà ìrun, ibẹ̀ náà la sì máa ń fi í sílẹ̀ sùn. Bí mo bá jí lójijì tí n kò sì mọ ibi tí mo wà, ìborùn ni mo kọ́kọ́ ń fi ojú wá. Lẹ́yìn náà mo máa ń na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì máa ń wà níbẹ̀.